Àsọtẹ́lẹ̀ Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Mú Ṣẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹni tí wọn yóò yẹgi fún ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Adájọ́ ti sọ ọ́, ó sì tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé mi ò gbọ́ ti àkọ́kọ́: kí wọ́n so mí rọ̀ ní ọrùn títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ìdájọ́ náà dúró. Ohun tó kù ni kí ẹni tó láṣẹ fọwọ́ sí ìwé kan. Ó lè jẹ́ ọ̀la, ó sì lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá sí i. Àwa mẹ́rin la wà nínú yàrá yìí. Bí bàtà wọ́dà bá dún lọ́nà tí kò gbà dún tẹ́lẹ̀, olúkúlùkù wa a máa wo ilẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ara mi. Bàbá mi ṣì wà láyé ní ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Okun. Mo gbọ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ẹjọ́ mi, kò jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí, kì í sì í dúró kí wọ́n ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán kó tó máa lọ. Ìyẹn ti tó o.

Mi ò pa ènìyàn nítorí owó. Mi ò pa ènìyàn nítorí obìnrin. Nítorí ẹ̀bùn Ẹ̀mí Mímọ́ ni mo ṣe pa ènìyàn, ẹ̀bùn tí mi ò ní, tí mo sọ pé mo ní.

Lọ́kọ́ja ni mo ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Nígbà tí mo gba òmìnira, mo wá sí Àbújá, mo sì rí àyè kékeré kan gbà ní abúlé àwọn mẹkáníìkì ní Apo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà Hausa kan tí gbogbo wa ń pè ní Mállàm Audu. Ayé mi nígbà náà kò dára. Ògógóró ni mo fi ń ṣíjú láàárọ̀. Bí oníbàárà bá gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lọ, mo máa ń yọ ohun tó dára lára rẹ̀, màá sì fi ògbólógbòó rọ́pò.

Ẹni tó mú mi kúrò níbẹ̀ ni Bàbá Ajíbóyè, ará Ẹ̀kìtì tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Alàgbà ni nínú ìjọ kékeré kan tí àwa Yorùbá ń ṣe nínú kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Apo. Ó mú ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ wá fún àtúnṣe, ó sì jókòó sórí táyà tì mí ní gbogbo ọ̀sán yẹn. Kò wàásù fún mi. Ó kàn ń béèrè nípa ìyá mi, nípa ìlú mi, nípa ìdí tí ọwọ́ mi fi ń gbọ̀n. Nígbà tó ń lọ, ó ní kí n wá jẹun nílé òun ní ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìjọsìn. Oúnjẹ ni mo bá lọ, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ di ará ìjọ.

Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ níbí yìí, bí ẹ kò tilẹ̀ ní í gba èyí tó kù gbọ́. Mo yí padà lóòótọ́. Láàrin oṣù díẹ̀, òórùn ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í rí mi lára. Mo wá obìnrin kan tí mo ti yọ dáínámò ọkọ̀ rẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú, mo fi òmíràn tó dára sí i, mo sì sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ó bú mi dáadáa, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbọ́ èébú náà tán. Nígbà tí mo ròyìn fún Bàbá Ajíbóyè, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì nù ún.

“Ọmọ mi,” ó ní, “Ẹ̀mí Mímọ́ ló ṣe ìyẹn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ohun kékeré ni.”

Ṣùgbọ́n ohun kékeré ló jọ lójú mi. Ohun tí mo ń wò ni àwọn tó ń fi èdè fọ̀, àwọn tó ń dìde sọ àsọtẹ́lẹ̀ tí gbogbo ìjọ á sì wárìrì. Ta ló ń wárìrì nítorí dáínámò?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Pásítọ̀ kó àwa méje jọ láti gbàdúrà pé kí Ẹ̀mí bà lé wa. Fúnmi wà lára wa, arábìnrin kan tó ń ránṣọ ní Utako, ẹni tí ọkàn mi ti fà sí láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ rí i. A kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Pásítọ̀ ń gbọ́wọ́ lé wa lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀, ẹni kejì tẹ̀lé e, Fúnmi náà bú sẹ́kún, èdè sì ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn mẹ́fà ti gbà, ó ku èmi nìkan. Gbogbo wọn wá yí mi ká, wọ́n ń kọrin, òógùn ń bọ́ lára wọn nítorí tèmi.

“Ṣí ẹnu rẹ, arákùnrin,” Pásítọ̀ sọ fún mi. “Má dí Ẹ̀mí lọ́wọ́.”

Mo ṣí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Orúnkún ń ro mí, ojú sì ń tì mí. Mo gbọ́ ohùn Fúnmi tó ń bẹ Ọlọ́run fún mi. Ni mo bá kó àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn Hausa ní Apo jọ, mo da orúkọ irin ọkọ̀ mọ́ ọn, mo lọ̀ ọ́ pọ̀ lẹ́nu, mo sì ń sọ ọ́ kíákíá. Kíláàsì náà mì tìtì fún halelúyà. Wọ́n gbé mi dìde. Fúnmi ń rẹ́rìn-ín sí mi pẹ̀lú omijé lójú.

Bàbá Ajíbóyè nìkan ni kò pariwo. Lẹ́yìn ìpàdé, ó pè mí sẹ́yìn kíláàsì.

“Ṣé o gbà á?”

“Mo gbà á, sà.”

“Kò sí ìkánjú níbẹ̀, ọmọ mi. Bí o kò bá tíì gbà á, sọ fún mi. A ó jọ máa dúró dè é. Èmi náà dúró fún ọdún mẹ́sàn-án.”

“Mo gbà á, sà.”

Ó wò mí díẹ̀ sí i, ó sì fọwọ́ kan èjìká mi. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì fún mi. Bí mo bá sọ “rárá” lọ́jọ́ yẹn, n kò ní í wà níbí.

Irọ́ àkọ́kọ́ kì í dá rìn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, obìnrin kan nínú ìjọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba mú ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ìyá Tósìn ni a ń pè é. Mo wà lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ń sunkún pé wọ́n fún òun ní ìwé pé kí òun lọ máa ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ kan tó jìnnà ní òkè Ọya, pé òun kò tíì lè sọ fún ọkọ òun. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo dìde láàrin àdúrà, mo di ojú mi.

“Ìyá kan wà níbí,” mo wí, “ìwé kan wà nínú báàgì rẹ tí o kò fi han ẹni tó ń sùn tì ọ́. Olúwa ní òun ti rí ìwé náà.”

Ìyá Tósìn ṣubú lulẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n yí ìwé náà padà ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó bá a sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Wòlíì ni wọ́n ń pè mí.

Abẹ́ ọkọ̀ ni mo ti ń gba ìṣípayá mi. Ènìyàn máa ń gbàgbé pé ẹnìkan wà lábẹ́ ọkọ̀. Wọ́n á máa bá ara wọn jà, wọ́n á máa sọ àbájáde àyẹ̀wò dókítà, wọ́n á máa sọ ti ọmọ tí kò yè. Èmi á máa tú nọ́ọ̀tì, etí mi á sì là sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wá láti Utako, láti Nyanya, kí n lè gbàdúrà fún wọn. Mo sọ fún Fúnmi pé Ọlọ́run fi í hàn mí lójú ìran gẹ́gẹ́ bí aya mi. Kò bá mi jiyàn. Ta ló ń bá Ọlọ́run jiyàn? A ṣe ìgbéyàwó.

Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo fi wà bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Ajíbóyè wá bá mi ní ibi iṣẹ́. Kò gbé ọkọ̀ wá lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sórí táyà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sáàrin orúnkún.

“Mo ti ń fọkàn bá ọ lọ fún ìgbà díẹ̀,” ó ní. “Gbogbo àwọn tí Ẹ̀mí ń fi ọ̀rọ̀ wọn hàn ọ́, ìwọ lò ń tún ọkọ̀ wọn ṣe. Ṣé Ẹ̀mí Ọlọ́run kò mọ àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì ni?”

Mo gbé sípánà sílẹ̀.

“N kò wá láti dójú tì ọ́,” ó tún wí. “Lọ bá Pásítọ̀, kí o sọ fún un. Èmi yóò tẹ̀lé ọ. Wọn yóò bínú, lẹ́yìn náà wọn yóò dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n bí oṣù yìí bá parí tí o kò sọ ọ́, èmi ni n ó sọ ọ́, nítorí àwọn ènìyàn ti ń fi ọ̀rọ̀ rẹ ṣe ìpinnu lórí ayé wọn.”

“Mo gbọ́, sà.”

“Ọmọ mi ni ọ́. Má gbàgbé.”

Ọkàn mi ò balẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ń rí ojú Fúnmi, mo ń rí ojú gbogbo ìjọ. Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi dé, ìbẹ̀rù mi ti di ìbínú. Mo dìde. N kò tilẹ̀ mọ gbogbo ohun tí n ó sọ kí n tó ṣí ẹnu.

“Alàgbà kan wà níwájú níbí yìí tó ń bá Ẹ̀mí Mímọ́ jà,” mo wí. “Báyìí ni Olúwa wí: bí kò bá ronú pìwà dà, ọjọ́ mọ́kànlélógún kò ní í kọjá lórí rẹ̀ láàyè.”

Gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tí mò ń bá wí. Ẹnìkan ti fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń lọ káàkiri lórí Wásáàpù. Pásítọ̀ pe àwa méjèèjì. Bàbá Ajíbóyè kò tú àṣírí mi. Bí ó bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn àsọtẹ́lẹ̀ yẹn, ẹ̀san ni gbogbo ènìyàn yóò pè é. Ó kàn sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí Ọlọ́run ṣe ìdájọ́.”

Ọjọ́ ń kọjá. Bàbá ń rìn, ó ń jẹun, ara rẹ̀ le koko. Àwọn ará ìjọ ń wò ó, wọ́n sì tún ń wò mí. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, Fúnmi bi mí léèrè níbi tó ti ń fọ abọ́.

“Ọkọ mi, ṣé Ọlọ́run ló sọ ọ́ fún yín lóòótọ́?”

“Ṣé o ti ń ṣiyèméjì ni?”

“Mo ń béèrè ni.”

“Má béèrè irú rẹ̀ mọ́.”

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, Bàbá Ajíbóyè gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ó ní bíréèkì ń wọlẹ̀ jù, òun sì fẹ́ lọ wo oko ẹ̀gẹ́ òun ní Abaji ní ọjọ́ kejì. Ẹnu yà mí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

“Ta ni mo ní tó ń tún un ṣe?” ó dáhùn. “Bí mo bá gbé e fún ẹlòmíràn, wọn yóò ní ọ̀tá ni wá. N kò ní ọ̀tá kankan ní Apo.”

Ó lọ jókòó sábẹ́ igi. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ náà. Mo tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, bí mo ti ń ṣe é fún un láti ọjọ́ yìí. Lẹ́yìn náà, mo fi sípánà kan náà ba ohun tí mo tún ṣe jẹ́, lọ́nà tí kò ní í hàn nílé, tí yóò hàn lójú ọ̀nà. N kò ní í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀mí èṣù kankan tó gbé ọwọ́ mi. Ọwọ́ mi ni, mo sì ń wò ó bó ti ń ṣe é.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó di ọwọ́ mi mú bó ti rí, pẹ̀lú epo dúdú lórí rẹ̀. Ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún mi ní ojúlówó ohun tí mò ń wá. Mo ṣe àmín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mọ ìgbà tí yóò gbéra. Mo mú fóònù dání. Orúkọ Bàbá wà lójú fóònù náà, àtàǹpàkò mi sì wà lórí orúkọ náà. Mo rántí ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ àti gbogbo àwọn ojú yẹn. Mo ti fóònù bọ àpò.

Níbi ìdagẹ̀rẹ̀ kan lẹ́yìn Gwagwalada, ọkọ̀ rẹ̀ kò dúró. Ó lọ kọlu tírélà kan tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n fà á yọ, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí ìròyìn dé Apo, àwọn ará ìjọ sáré wá sílé mi. Wọn ò sunkún níbẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀. Àwọn àgbà tó lè bí mi kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n má ṣe bínú sí àwọn.

Pásítọ̀ mú mi lọ rí i lọ́jọ́ kejì. Aṣọ funfun ni wọ́n fi di orí rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì jáde dáadáa. Ó ní kí n sún mọ́ òun.

“Mo ti gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí o sọ,” ó wí. “Mo bi ara mi pé, bó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ló rán an ńkọ́, tí mo sì ti fẹ̀sùn irọ́ kan ìránṣẹ́ Rẹ̀? Bí mo bá ti ṣẹ̀ ọ́, dárí jì mí, ọmọ mi.”

Ẹ̀yin ènìyàn, mo ṣì lè sọ ọ́ nígbà náà. N kò lè gbà á là mọ́, ṣùgbọ́n n kì bá tí jẹ́ kí ó kú pẹ̀lú èrò pé òun ló ṣẹ̀. Pásítọ̀ wà lẹ́yìn mi, ó ń gbọ́.

“Mo dárí jì yín, sà,” ni mo wí.

Ó kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fa ọkọ̀ náà wá sí Apo, Mállàm Audu ló sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ikú Bàbá, bàbá Hausa náà wá dúró níwájú mi. Kò kí mi ní sànnu bó ti máa ń ṣe.

“Kai,” ó ní, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tí kò já gaara. “Nọ́ọ̀tì kì í tú ara rẹ̀. Èmi mọ ọwọ́ rẹ. Èmi mọ bí ìwọ ṣe ń de nọ́ọ̀tì. Mo ti sọ fún ọmọ bàbá. Mo ní kí n sọ fún ìwọ náà, kí o má bàa ní mo lọ lẹ́yìn rẹ.”

N kò sá. Àwọn ọlọ́pàá dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ní ilé ẹjọ́, wọ́n fi fóònù kan lélẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ohùn mi: ọjọ́ mọ́kànlélógún kò ní í kọjá lórí rẹ̀ láàyè. Ìyá Tósìn jókòó níbẹ̀, ó fi gèlè bo ojú. Mo gbọ́ pé ìjọ náà ti tú ká. Àwọn kan kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan mọ́. Wọ́n ní bí tèmi bá jẹ́ irọ́, kí ni yóò mú kí àwọn gba ti ẹlòmíràn gbọ́? Ẹ̀jẹ̀ àwọn náà wà lọ́rùn mi.

Fúnmi wá wò mí lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn ìdájọ́.

“Ìran tí ẹ ní ẹ rí nípa mi,” ó ní. “Ṣé ẹ rí i?”

“Rárá.”

“Ẹ ò rí nǹkan kan?”

“Mo kàn fẹ́ràn rẹ ni. Ìyẹn nìkan ni n kò parọ́ rẹ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò wá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi? Ǹ bá ti gbà.”

Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ. N kò dá a lẹ́bi pé kò padà wá.

Àwọn ẹlẹ́wọ̀n máa ń ṣe ìjọsìn níbí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé wòlíì ni mí rí, wọ́n ní kí n gbàdúrà. Mo ṣí ẹnu, ìdàrúdàpọ̀ Hausa àti irin ọkọ̀ yẹn náà ló fẹ́ jáde. Mo pa ẹnu mi dé. Láti ìgbà náà, n kò tíì lè gbàdúrà tó ju gbólóhùn méjì lọ. Mo ń sọ pé, “Dárí jì mí,” mo sì ń tẹ́tí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé Ó dáhùn. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́ta sọ ọ̀rọ̀ tí Òun kò sọ, báwo ni n ó ṣe mọ ohùn Rẹ̀?

Ọkùnrin kan wà nínú yàrá wa tó ti jalè pẹ̀lú ìbọn rí. Kò fi èdè fọ̀, kò sì rí ìran. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà kan wà láàrin wa tí kò lè mú ìgbọ̀nsẹ̀ dúró mọ́, ọkùnrin yìí ló ń fọ aṣọ rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń pín oúnjẹ rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo bá ń wò ó níbi tó ti ń fún aṣọ náà, mo máa ń yí ojú mi sí ògiri. Mo mọ ohun tó wà lára ọkùnrin náà, ohun tí Bàbá Ajíbóyè rí lára mi lọ́jọ́ dáínámò. Ó ti wà lára mi rí, fún oṣù mélòó kan, mo sì tà á fún ariwo.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin àti ẹgbẹ́ aládùúrà, n kò sọ pé kí ẹ má ṣe wá ẹ̀bùn Ẹ̀mí. Bàbá Ajíbóyè gbà pé ó wà, n kò sì mọ ẹni tó mọ Ọlọ́run jù ú lọ. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni èyí: bí wọ́n bá gbọ́wọ́ lé yín lórí tí nǹkan kan kò sì ṣẹlẹ̀, ẹ sọ pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Bí gbogbo ènìyàn bá yí yín ká tí wọ́n ń kọrin, ẹ dìde pẹ̀lú ẹnu yín ní pípadé. Ojú yóò tì yín. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ yín títí di ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, wọn yóò gbàgbé, ẹ̀yin yóò sì lọ sílé yín.